Irin iwájú katakata tó bá tẹ̀

Sí Olóòtú,

Ẹ bá wa ta àwọn tó ń fi katakata kékeré ṣoko ní agbègbè Mọ́níyà lólobó. Bí quick-attach, irin tí bọ́kẹ́ẹ̀tì (agbada irin tí wọ́n fi ń kó iyẹ̀pẹ̀) ń há mọ́ níwájú lódà (apá tí katakata fi ń gbé ẹrù), bá tẹ̀, òòlù ńlá kọ́ ni oògùn rẹ̀. Igun bọ́kẹ́ẹ̀tì tí wọ́n fi ń wú kùkùté ló sábà ń fà á.

Ẹ tú u kúrò lára apá lódà. Ẹ fi tépù wọn ìdábùú rẹ̀ méjèèjì, láti igun sí igun. Bí wọn ò bá dọ́gba, gbogbo rẹ̀ ló ti lọ́, kì í ṣe etí nìkan. Ẹ fi ṣéènì dè é mọ́ irin tó nípọn, kí ẹ ki jáàkì tọ́ọ̀nù 20 sábẹ́ ibi tó tẹ̀. Ẹ fi iná gáàsì yán an títí yóò fi pọ́n bí ẹyìn, kí ẹ tó máa fa jáàkì díẹ̀díẹ̀. Ẹ jẹ́ kó kọjá títọ́ díẹ̀, torí irin máa ń sún padà.

Ẹ má da omi sí i o! Ó lè gan, kó sì sán. Ọ̀pọ̀ wẹ́dà ìgboro Ìbàdàn ò tíì gba èyí gbọ́.

Bó bá tutù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì onírin ha ojú ibi tí wẹ́dà ti jó irin pọ̀, kí ẹ wò ó bóyá ó sán. Lẹ́yìn náà, ẹ fi bọ́kẹ́ẹ̀tì tó tọ́ dán an wò: píìnì méjèèjì tó ń dè é mọ́ quick-attach gbọ́dọ̀ wọlé tán, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ bọ́kẹ́ẹ̀tì lè já lu èèyàn.

Àwa oníṣẹ́ katakata,
Ìbàdàn.