Ẹ béèrè ìwé ọkàn òbí kí ẹ tó ra ajá Cavalier

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn. Àwọn ọmọ Yorùbá ní Ìlú Ọba tó ń gbèrò láti ra Cavalier King Charles Spaniel fún àwọn ọmọ wọn ni mò ń bá sọ̀rọ̀. Kí owó tó kúrò lọ́wọ́ yín, ẹ mọ ibi tí ajá náà ti ṣẹ̀, torí ibẹ̀ ni púpọ̀ nínú àìsàn rẹ̀ ti wá.

Orúkọ Ọba Charles Kejì, tó jọba láti 1660 di 1685, ni wọ́n fi ń pè é. Ọba yìí fẹ́ràn ajá kékeré débi pé Samuel Pepys, òṣìṣẹ́ ìjọba tó ń kọ ìwé ìrántí ojoojúmọ́ láyé ìgbà náà, kọ ọ́ sílẹ̀ pé níbi ìpàdé ìgbìmọ̀, ajá ni kábíyèsí ń bá ṣeré. Ṣùgbọ́n ajá ààfin yẹn kọ́ là ń rà lónìí. Nígbà tó yá, wọ́n mú ajá onímú pẹlẹbẹ gùn wọ́n títí ojú wọn fi kúrú, tí orí wọn sì rí roboto. Ní 1926, ará Amẹ́ríkà kan, Roswell Eldridge, gbé ẹ̀bùn £25 kalẹ̀ níbi ìfihàn ajá Crufts fún ẹni tó bá mú irú ti inú àwòrán àtijọ́ wá: imú gígùn, àtàrí pẹrẹsẹ, àmì pupa láàárín orí. Ní 1928, ajá kan tó ń jẹ́ Ann's Son ni wọ́n wò kọ àpèjúwe bí ajá náà ṣe gbọ́dọ̀ rí. Ogun Àgbáyé Kejì tún dín wọn kù gidigidi. Ajá díẹ̀ ló bí gbogbo ìyókù, ẹ̀jẹ̀ kan náà ló sì ń yí po láàárín wọn.

Ìwà rẹ̀ dára púpọ̀. Onílé àti àlejò, ọ̀kan náà ni lójú rẹ̀, nítorí náà ẹni tó ń wá ajá tí yóò ṣọ́lé, kó wá òmíràn. Ìyà ńlá ni kí ẹ fi í sílẹ̀ lóun nìkan láti àárọ̀ dalẹ́. Ẹ̀jẹ̀ ajá ọdẹ ṣì wà lára rẹ̀: tó bá rí ẹyẹlé lójú títì, kò ní gbọ́ fèrè ọdẹ mọ́, ẹ má tú okùn rẹ̀. Ọ̀jẹun ni, ẹ máa wọn oúnjẹ rẹ̀, kó má ju nǹkan bíi kílò 8 lọ. Ẹ má fún un ní ọbẹ̀ wa, àlùbọ́sà inú rẹ̀ ń ba ẹ̀jẹ̀ ajá jẹ́.

Ọkàn ló ń pa wọ́n jù. Ìlẹ̀kùn kan wà ní apá òsì ọkàn tó yẹ kó máa tì kí ẹ̀jẹ̀ má padà sẹ́yìn. Ti Cavalier tètè ń nípọn, kì í tì dáadáa mọ́. Tí wọ́n bá fi máa pé ọdún 5, dókítà ẹran á ti máa gbọ́ ìró rẹ̀ lára nǹkan bí ìdajì wọn. Ní ọdún 10, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ gbogbo wọn. Bó bá pẹ́, ọkàn á wú, omi á wọ ẹ̀dọ̀fóró. Nígbà tí ajá bá sùn fọnfọn, ẹ wo ìhà rẹ̀: kó gòkè kó sọ̀kalẹ̀, èémí kan nìyẹn. Ẹ kà á fún ìṣẹ́jú kan. Tó bá ń kọjá 30, ẹ pe dókítà lọ́jọ́ náà. Ẹ má sì dúró di ìgbà tí yóò máa mí hẹlẹhẹlẹ kí ẹ tó ṣe skáànù ọkàn rẹ̀. Ìwádìí kan tó jáde ní 2016 fi hàn pé tí wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ oògùn pimobendan nígbà tí ọkàn ṣẹ̀ṣẹ̀ wú, ó ń sún ìṣòro síwájú ní nǹkan bí oṣù 15.

Orí náà ńkọ́? Agbárí há mọ́ ọpọlọ, omi á sì máa gbẹ́ ihò sínú okùn ọ̀pá ẹ̀yìn. Ẹ óò rí ajá tó ń rìn, á dúró lójijì, á máa fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn họ afẹ́fẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọrùn, ẹsẹ̀ kò ní kan ara. Eégbọn kọ́ o, ìrora ni. Torí irú èyí ni Ilé Ẹjọ́ Gíga Jùlọ ní Norway fi dájọ́ ní 2023 pé bí wọ́n ṣe ń sin ín níbẹ̀ lòdì sí òfin.

Ẹ béèrè ìwé ọkàn bàbá àti ìyá láti ọ̀dọ̀ dókítà ọkàn ajá, ìwé MRI (àwòrán inú ara) orí wọn, àti ẹ̀rí pé ọkàn àwọn òbí àgbà mọ́ ní ọdún 5. Ìyá tí kò tíì pé ọdún méjì ààbọ̀ kò yẹ kó bímọ. Láti oṣù kẹrin 2020, òfin Lucy, tí wọ́n fi orúkọ Cavalier kan tó jìyà pè, ti ní kí olùtajà ní England fi ìyá han oníbàárà níbi tí wọ́n ti bí ọmọ ajá. Tó bá ní kí ẹ wá pàdé òun létí títì, ẹ má lọ.

Èmi ni tiyín ní tòótọ́,
Olùkàwé yín ní Lọndọn