Ọ̀rọ̀ Pọ̀ Lórí Fóònù, Oorun Ni Ò Sí

Ẹ̀yin Olóòtú wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ọ̀rọ̀ kan wà táwọn èèyàn ń sọ ṣáá tó ń dùn mí, pé láyé fídíò kọ́ọ̀lù tá a wà yìí ìfẹ́ ọ̀nà jíjìn ò le mọ́, pé ẹni tó bá ti ní dátà lórí fóònù ò lè sọ pé òun dá wà. Èmi ò gbà rárá. Ṣé ọ̀rọ̀ ló wọ́n láàárín ẹni méjì tó jìnnà síra ni? Wọ́n ń sọ̀rọ̀ ju ọ̀pọ̀ àwọn tó jọ ń gbélé lọ. Oorun ni ò sí, kéèyàn sùn kó sì mọ̀ pé ẹnì kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òun. Àwọn oníṣẹ́ ọnà ti rí èyí tipẹ́, kí fóònù tó dọ́wọ́ gbogbo wa.

Ẹ wo Felix Gonzalez-Torres. Aago ara ògiri méjì tó jọra bí ìbejì, irú èyí tí wọ́n ń gbé kọ́ sí ọ́fíìsì, ló gbé kọ́ tí wọ́n fara kanra, ó wá yí àwọn méjèèjì sí àsìkò kan náà, ó tán. Àmọ́ bátìrì ni wọ́n ń lò, bátìrì méjì kì í sì í kú lẹ́ẹ̀kan náà, tó bá yá ọ̀kan á bẹ̀rẹ̀ sí í fà sẹ́yìn díẹ̀díẹ̀, ẹ ò tiẹ̀ ní tètè rí i. Ross tó jẹ́ olólùfẹ́ ẹ̀ ń ṣàìsàn éèdì lásìkò yẹn, ọdún 1991 ló kú. Ẹni tí olólùfẹ́ ẹ̀ ń jí nígbà tóun ń lọ sùn, aago méjì yẹn yé e, kò dìgbà tí wọ́n bá ṣàlàyé.

Lọ́dún 1992, wọ́n gbé fọ́tò kan tí Gonzalez-Torres yìí kan náà yà sórí pátákó ìpolówó ní ibi 24 nílùú New York. Bẹ́ẹ̀dì ni, aṣọ orí ẹ̀ rún, ìrọ̀rí méjì, orí ẹni tó sùn síbẹ̀ ti tẹ ìrọ̀rí wọlé, kò sí èèyàn kankan níbẹ̀, kò sì sí ọ̀rọ̀ kankan lára ẹ̀.

Ìrọ̀rí kejì yẹn ló mú mi. Iṣẹ́ ò jẹ́ kí èmi àtìyàwó mi gbé orílẹ̀-èdè kan náà, torí náà lálẹ́ a kì í pa kọ́ọ̀lù, màá gbé fóònù sórí ìrọ̀rí tiẹ̀, màá máa gbọ́ bó ṣe ń mí, fóònù á máa gbóná lábẹ́ etí mi títí oorun á fi gbé mi lọ. Nẹ́tíwọ́ọ̀kì á já lóru. Kò ní jí mi o, àárọ̀ ni màá tó rí i lójú fóònù pé ó ti já tipẹ́, pé èmi nìkan ni mo ti ń sùn látìgbà náà.

Ti Marina Abramović àti Ulay, olólùfẹ́ méjì tó jẹ́ oníṣẹ́ ọnà, ló lókìkí jù, àwọn tó rìn fún ọjọ́ 90 lọ́dún 1988 lórí Ògiri Ńlá ilẹ̀ Ṣáínà, kálukú láti ìkángun tiẹ̀, wọ́n pàdé láàárín, wọ́n sì pínyà. Ó wú mi lórí, àmọ́ ìrìn akọni nìyẹn, ìṣòro tiwa ò ju orí bẹ́ẹ̀dì lọ. Sophie Calle, oníṣẹ́ ọnà ará Faransé, ló sún mọ́ wa jù ní tèmi, lọ́dún 1979 ó pe àwọn èèyàn wá sùn lórí bẹ́ẹ̀dì ẹ̀, wákàtí mẹ́jọ mẹ́jọ, bí ẹnì kan bá ń dìde ẹlòmíì ń wọlé, ó sì ń ya fọ́tò wọn bí wọ́n ṣe ń sùn. Àwọn kan nínú wọn ò mọ̀ ọ́n rí! Wọ́n gbà kí àjèjì máa ṣọ́ wọn lójú oorun, ẹ ò rí i pé ebi nǹkan yìí ń pa èèyàn.

Ẹ jọ̀ọ́, ojú ewé iṣẹ́ ọnà yín, ẹ má fi gbogbo ẹ̀ ṣe ọ̀rọ̀ iye tí wọ́n ta àwòrán àti ẹni tó wá sí pátì. Ẹ gbé irú àwọn iṣẹ́ yìí jáde, kẹ́ ẹ sì bi àwọn òǹkàwé tó ní ẹni tó jìnnà sí wọn pé báwo ni wọ́n ṣe ń sùn. Wọ́n á kọ̀wé sí yín, ó dá mi lójú.

Èmi òǹkàwé yín.