Gíga Ìlú Ló Yẹ Kí Arìnrìnàjò Kọ́kọ́ Béèrè

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́. Ẹ̀bẹ̀ kan ni mo ní: bí ẹ bá ń tẹ ìtọ́sọ́nà fún àwọn tó fẹ́ lọ wo àwọn òkè San Juan ní Colorado, l'Amẹ́ríkà, ẹ jọ̀wọ́, ẹ máa kọ bí ìlú kọ̀ọ̀kan ṣe ga tó sí ẹ̀gbẹ́ iye kìlómítà. Kìlómítà nìkan ń tan ènìyàn jẹ. Láti Durango dé Silverton kò ju bíi 80 lọ, ṣùgbọ́n Durango ga tó nǹkan bíi 2,000 mítà, Silverton 2,840, orí Red Mountain Pass, ibi tí ọ̀nà ti gba orí òkè kọjá níwájú, sì jẹ́ 3,358. Bí ibi bá ṣe ga tó ni ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ rẹ̀ ṣe ń dín kù. Ẹni tó ti etíkun dé, tó lọ sùn sí Silverton lálẹ́ ọjọ́ kan náà, ó ṣeé ṣe kí orí máa fọ́ ọ, kí èébì máa gbé e, kí ó má sì rí oorun sùn.

Kí ó kọ́kọ́ sùn ní Durango fún ọjọ́ méjì, kí ó máa mu omi, kí ó jìnnà sí ọtí. Ọjọ́ náà kò ní ṣòfò, torí Mesa Verde, ọgbà ìjọba tí àwókù ilé àtijọ́ wà, wà nítòsí. Cliff Palace, ilé òkúta tí àwọn baba ńlá àwọn Pueblo, ẹ̀yà ọmọ ìbílẹ̀ Amẹ́ríkà, kọ́ sábẹ́ àpáta níbẹ̀, ní nǹkan bíi 150 yàrá. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ra tíkẹ́ẹ̀tì tí a fi ń wọ ibẹ̀. Ọjọ́ 14 ṣáájú ni títà rẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kì í sì í pẹ́ tán. Ẹni tí orúnkún ń dùn kò ní lè gun àkàbà ibẹ̀, ṣùgbọ́n ó lè wò ó dáadáa láti òkè.

Láti Silverton sí Ouray, ìlú tó wà ní òdìkejì Red Mountain Pass, lọ̀nà ti ń dẹ́rù bani. Ibi púpọ̀ ni kò ní irin ìdènà létí títì, nítorí katakata tó ń kó yìnyín gbọ́dọ̀ ríbi tì í dà sínú ọ̀gbun. Ọwọ́ ọ̀tún ni wọ́n ń wà níbẹ̀, nítorí náà ẹni tó ń ti Ouray bọ̀ ló ń rìn létí ọ̀gbun. Ẹni tó ń ti Silverton lọ, ara òkè ló fara mọ́. Kí ẹni tí ibi gíga ń kọ́ lóòyì gba ti Silverton. Bí ó bá ń sọ̀kalẹ̀, jíà kékeré ni kí ó fi mú ọkọ̀. Bí ó bá ń tẹ bíréèkì ṣáá, yóò gbóná, ọ́ìlì bíréèkì yóò hó, ẹsẹ̀ yóò sì wọlẹ̀ tán láìjẹ́ pé ọkọ̀ dúró. Gbàrà tí òórùn ìjóná bá ti jáde, kí ó yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, kí ó jẹ́ kó tutù fúnra rẹ̀.

Ní oṣù Keje àti oṣù Kẹjọ, ààrá sábà máa ń sán lọ́sàn-án. Kí ẹni tó gun òkè ti sọ̀kalẹ̀ kí ọ̀sán tó pọ́n.

Ní ti àwọn ìlú tí àwọn awakùsà fàdákà tẹ̀ dó lórí òkè wọ̀nyí, òfin tó ń mú ìjọba Amẹ́ríkà ra fàdákà ni wọ́n fagi lé ní 1893. Owó fàdákà já wálẹ̀, wọ́n sì pa ọ̀pọ̀ ihò kùsà tì. Àwọn ilé pákó Animas Forks, ìlú awakùsà tó ti di ahoro, ṣì dúró lókè Silverton, wọ́n sì tó wò. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má wọ inú ihò kùsà, ì báà ṣe ìṣísẹ̀ mẹ́ta. Igi tó gbé òrùlé rẹ̀ ró ti jẹrà, kòtò jíjìn lè wà lábẹ́ pákó ilẹ̀, ọ́síjìn inú rẹ̀ sì lè má tó mí, láìsí òórùn kankan tí yóò kìlọ̀. Odò tí omi rẹ̀ pọ́n bí ìpẹtà ní irin àti mẹ́táàlì mìíràn nínú, síse kò sì lè mú wọn kúrò. Ní oṣù Kẹjọ 2015, nǹkan bíi mílíọ̀nù 11 lítà omi ìdọ̀tí tú jáde láti Gold King Mine, ihò kùsà kan nítòsí Silverton, ó sì pa àwọ̀ odò Animas dà. Láti ìlú ni kí wọ́n ti gbé omi mímu.

Èmi ni,
Òǹkàwé yín