Ilẹ̀ tí a tà nítorí nọ́ńbà

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka àpilẹ̀kọ tí ẹ gbé jáde lọ́sẹ̀ tó kọjá lórí owó tí àwọn ọmọ wa tó wà lókè òkun ń fi ránṣẹ́ sílé. Mi ò bá ẹni tó kọ ọ́ jiyàn lórí bí owó náà ti pọ̀ tó, nítorí ìṣirò Báǹkì Àgbáyé fi hàn pé ó súnmọ́ bílíọ̀nù 20 dọ́là ní ọdún 2023 nìkan. Àmọ́ èyí tó wọlé ló kà, kò ka èyí tó jáde. Owó kan wà tó máa ń ti ilé lọ kí arìnrìn-àjò tó fi kọ́bọ̀ ránṣẹ́, báǹkì kankan kò sì ní àkọsílẹ̀ rẹ̀, nítorí pé inú pálọ̀ àwọn ejẹ́ǹtì tó ń báni wá ọ̀nà òkè òkun ni a ti máa ń kà á lé wọn lọ́wọ́.

Àbúrò mi ní ọmọbìnrin kan tó ń kọ́ àwọn ọmọ iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ níbí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ní ọdún 2023, ó gba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì lọ láti lọ ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó, èyí tí àwọn ọ̀dọ́ ń pè ní "kíà". Lórí ìwé onígbọ̀wọ́ nìkan, ìyẹn ẹ̀rí pé agbaniṣíṣẹ́ kan lọ́hùn-ún fẹ́ gbà á, mílíọ̀nù mẹ́jọ náírà ni ejẹ́ǹtì gbà. Kò tíì sí owó físà níbẹ̀, kò tíì sí ti bàálù. Púlọ́ọ̀tì méjì tí olóògbé ọkọ àbúrò mi fi sílẹ̀ ni wọ́n tà, àbúrò mi sì yá èyí tó kù lọ́wọ́ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù. Mi ò lè yọ ara mi kúrò nínú rẹ̀: èmi ni mo buwọ́ lùwé ilẹ̀ náà gẹ́gẹ́ bí ẹlẹ́rìí, èmi náà ni mo sì gbàdúrà lé e lórí kí ẹni tó rà á tó dìde.

Nígbà tí ọmọ náà débẹ̀, ilé-iṣẹ́ tó gbà á kò ní arúgbó tó pọ̀ tó fún òṣìṣẹ́ tó kó jọ. Lọ́sẹ̀ kan yóò rí wákàtí mẹ́fà ṣe, lọ́sẹ̀ kejì kò ní rí ẹyọ kan. Yàrá kan ni àwọn mẹ́rin jọ ń sùn. Láago márùn-ún ìdájí ni yóò ti wọ aṣọ iṣẹ́, yóò jókòó sétí ibùsùn, yóò gbé fóònù lé itan, yóò máa retí bóyá wọn yóò pè é kí ó wá dípò ẹni tí kò wá. Bí ìyá rẹ̀ bá pè, yóò ní òun ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni. Owó tó ń fi ránṣẹ́ lóṣooṣù kí a fi san gbèsè ẹgbẹ́, ọwọ́ àwọn ọ̀rẹ́ ló ti ń yá a, bẹ́ẹ̀ ó ṣeé ṣe kí òun náà wà nínú bílíọ̀nù tí ẹ kà.

Ó yẹ kí àwọn òǹkàwé yín mọ ohun tí à ń rà. Ìwé onígbọ̀wọ́ tí wọ́n ń pè ní CoS (Certificate of Sponsorship) yìí kì í tilẹ̀ ṣe ìwé. Nọ́ńbà ni, tí ẹni tó fẹ́ gbani síṣẹ́ ń gbà lórí kọ̀ǹpútà ìjọba ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Owó tó ń san fún ìjọba lórí nọ́ńbà náà fúnra rẹ̀ kò tó 250 pọ́n-ùn lọ́dún tí ọmọ wa lọ. Nọ́ńbà náà ló so òṣìṣẹ́ mọ́ agbaniṣíṣẹ́ kan ṣoṣo. Bí wọ́n bá rẹ́ òṣìṣẹ́ jẹ, tó sì fẹjọ́ sùn tí ìjọba fi gba àṣẹ onígbọ̀wọ́ kúrò lọ́wọ́ ilé-iṣẹ́ náà, òun tó fẹjọ́ sùn náà ni yóò gba lẹ́tà pé ọgọ́ta ọjọ́ ló ní láti wá onígbọ̀wọ́ mìíràn, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kí ó palẹ̀ ẹrù rẹ̀ mọ́. Irú lẹ́tà bẹ́ẹ̀ tẹ ọmọ wa lọ́wọ́ láìtilẹ̀ fẹjọ́ ẹnikẹ́ni sùn. Ọjọ́ kẹtàléláàádọ́ta ló tó rí ilé ìtọ́jú mìíràn tó gbà á, ní ìlú kan tó jìnnà sí gbogbo ẹni tó mọ̀.

Mi ò sọ pé ọwọ́ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì mọ́. Ní oṣù kejì ọdún 2022 ni wọ́n ṣílẹ̀kùn fún iṣẹ́ náà nígbà tí wọn kò rí òṣìṣẹ́ tó tó nílé. Ní oṣù kẹta 2024, wọ́n ní ẹni tó bá ń bọ̀ kò gbọdọ̀ mú ọkọ, aya tàbí ọmọ dání. Ní ọjọ́ 22 oṣù keje 2025, wọ́n tìlẹ̀kùn mọ́ ẹni tó bá ń ti òkè òkun bọ̀. Láàárín oṣù keje 2022 sí oṣù kejìlá 2024, àwọn ilé-iṣẹ́ ìtọ́jú tí wọ́n gba àṣẹ onígbọ̀wọ́ kúrò lọ́wọ́ wọn lé ní 470, òṣìṣẹ́ tó rọ̀ mọ́ wọn sì lé ní 39,000. Ìjọba kan náà ló kọ́kọ́ fún wọn láṣẹ.

Wọ́n á ní ìrìn-àjò kò bẹ̀rẹ̀ lónìí, òótọ́ sì ni. Bàbá mi wà lára àwọn ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń ṣòwò ní Tamale, ní Gánà, nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ ní oṣù kọkànlá 1969 pé kí àjèjì tí kò bá ní ìwé ìgbélùú kúrò níbẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Mo rántí ọkọ̀ akẹ́rù tó já wa sílẹ̀ lóru, ẹ̀rọ ìránṣọ tí ìyá mi kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá òun gbé, àti ìwé tí bàbá mi dì mọ́ ìgbànú, tí orúkọ àwọn tó rajà àwìn wà nínú rẹ̀, tí ẹnì kankan nínú wọn kò sì san án dọ̀la. Ọjà há sọ́hùn-ún, owó há sọ́hùn-ún. Ṣùgbọ́n ilé kan wà tí a wọ̀ lóru ọjọ́ náà, nítorí pé àwọn èèyàn wọ̀nyẹn kì í pẹ́ ní Gánà kí wọ́n tó fi owó ibẹ̀ mọlé sí Ògbómọ̀ṣọ́. Àwa ń ta ibi tí a ó padà sí kí a tó gbéra. Bí wọ́n bá ní kí ọmọ àbúrò mi máa bọ̀ lọ́la, ẹni tó ra ilẹ̀ yẹn ti mọ ilé tirẹ̀ dé ojú fèrèsé.

Ohun tí kì í jẹ́ kí àwọn ejẹ́ǹtì wọ̀nyí dé àgọ́ ọlọ́pàá ni pé ẹni wa ni wọ́n. Eléyìí tó gbowó wa ṣì ń kọrin nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì wa. Àbúrò mi kò fẹ́ kí a mú un; ó ní wọn yóò sọ pé òun kò moore, ṣebí ọmọ òun dé Lọ́ńdọ́ọ̀nù. Kò tilẹ̀ dé Lọ́ńdọ́ọ̀nù.

Ẹ̀bẹ̀ mi sí yín kò pọ̀. Nínú ìwé ìròyìn tó gbé àpilẹ̀kọ yẹn gan-an, lójú ewé tó kẹ́yìn, ìpolówó ejẹ́ǹtì kan wà tó ní òun ní "iṣẹ́ tó dájú" lókè òkun. Kí ẹ tó gba irú owó bẹ́ẹ̀, ẹ bi wọ́n léèrè orúkọ agbaniṣíṣẹ́, kí ẹ sì wò ó bóyá ìjọba ibẹ̀ mọ̀ ọ́n. Àkójọ orúkọ àwọn onígbọ̀wọ́ ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹnikẹ́ni láti kà lọ́fẹ̀ẹ́. Mo pe nọ́ńbà inú ìpolówó náà lọ́jọ́ Ajé. Ọkùnrin tó gbé e ní ọ̀nà ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti dí, àmọ́ iṣẹ́ wà níbòmíràn, mílíọ̀nù méjìlá ni. Mo ní mi ò ní irú owó bẹ́ẹ̀. Ó dákẹ́ díẹ̀, ó wá bi mí pé, "Bàbá, ṣé ẹ ò ní ilẹ̀ ni?"

Èmi ni tiyín,
Olùkọ́ fẹ̀yìntì kan,
Ògbómọ̀ṣọ́.