Kọ́kọ́rọ́ Dùùrù Tó Wà Lápò Mi

Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà tí òǹkàwé yín kan kọ pé àwọn ọ̀dọ́ inú ìjọ lóde òní kò mọ ohun tó ń jẹ́ kí èèyàn fi ara rẹ̀ sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Mi ò fẹ́ bá a jiyàn. Ṣùgbọ́n bí ó bá lè fún mi láyè díẹ̀, mo fẹ́ sọ ti àwa àgbà, kí n sì fi ara mi ṣe àpẹẹrẹ.

Tíṣà ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọdún 21 ni mo fi tẹ dùùrù ní ìjọ wa níhìn-ín ní Ọ̀fà. Dùùrù náà wà nínú àpótí onígi kan, àgádágodo wà lẹ́nu rẹ̀, ọwọ́ mi sì ni kọ́kọ́rọ́ ń gbé. Mo máa ń sọ pé nítorí àwọn ọmọdé ni, kí wọ́n má baà fi í ṣeré. Irọ́ ni. Ojú ẹni tó ni kọ́kọ́rọ́ ni gbogbo ìjọ ń wò kí ìsìn tó bẹ̀rẹ̀, mo sì fẹ́ràn kí wọ́n máa wojú mi.

Ọmọ Pólì kan wá dara pọ̀ mọ́ ẹgbẹ́ akọrin. Kò mọ sólfà tó mi, ṣùgbọ́n ẹ dá orin sílẹ̀ báyìí, kí ẹ tó mí, ó ti rí ohùn tó bá a mu. Ìkórè ń bọ̀ lọ́nà, ni olórí akọrin bá wá bá mi: "Bàbá, ẹ jẹ́ kí ọmọ yìí bá wa tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ Ìkórè, kí ẹ̀yin náà sinmi díẹ̀." Sinmi kẹ̀! Mo ní kò burú, kí Olúwa lo ọmọ náà. Ẹnu mi ló sọ bẹ́ẹ̀.

Láàárọ̀ ọjọ́ Ìkórè, mo wọkọ̀, ó di Ìlọrin, mo ní mo fẹ́ lọ kí àbúrò mi. Kọ́kọ́rọ́ wà lápò mi. Mo mọ̀ọ́mọ̀ mú un lọ ni, mo sì pa fóònù. Kí a tó dé Àjàṣẹ́-Ìpo, mo ti ń fojú inú rí i bí wọn yóò ṣe máa sá sókè sódò, tí ẹnì kan yóò ní, "Mo sọ fún yín, bí ò bá sí Bàbá, kò lè ṣeé ṣe." Ìgbà tí mo fi máa sọ̀ ní Gárájì Ọ̀fà, inú mi ti dùn débi pé mo ra búrẹ́dì ńlá lọ́wọ́ fún àbúrò mi, èmi tí kì í ra nǹkan lọ síbẹ̀.

Mo padà délé nírọ̀lẹ́, mo bi ìyàwó mi pé báwo ni ìsìn ti rí. Ó ní ó dùn kọjá àfẹnusọ. Wọ́n lu agogo, wọ́n lu ìlù, ọmọ Pólì gbé ṣẹ̀kẹ̀rẹ̀, àwọn ìyá àgbà tí wọ́n ti ń jókòó kọrin láti ọjọ́ pípẹ́ dìde jó. Mo ní ṣé wọn ò wá mi ni? Ó rò ó díẹ̀, ó ní pásítọ̀ gbàdúrà kí n lọ ire kí n bọ̀ ire.

Olóòtú, mi ò fojú ba oorun. Kí n má purọ́, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ mi ló kọ́kọ́ dùn mí. Ohun tó dùn mí ni pé wọ́n ṣe é láìsí mi. Ó tó nǹkan bí aago méjì òru kí ìtìjú tó dé.

Ìjàkadì lorò Ọ̀fà, nítorí náà a fẹ́ràn ìtàn ìjàkadì Jákọ́bù ní odò Jábókù gan-an. A máa ń sáré dé ibi tó ti gba ìbùkún, a kì í dúró níbi tí oríkèé itan rẹ̀ ti yẹ̀. Ẹni tó bá a jà sì kọ́kọ́ bi í léèrè orúkọ ná. Nígbà tí bàbá rẹ̀ tí ojú rẹ̀ ti ṣú bi í pé ta ni, ó ní Ísọ̀ lòun. Ní Jábókù ló wá jẹ́wọ́ pé Jákọ́bù lòun. Èmi náà jẹ́wọ́ orúkọ mi lóru ọjọ́ yẹn: onílara tó ń tẹ dùùrù.

Àwa ará gúúsù Kwara fẹ́ràn láti máa fi wòlíì Jósẹ́fù Ayọ̀ Babalọlá yangàn pé ọmọ Odò-Ọwá ni, ọmọ wa ni. Bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ ìjọba ló wà lọ́wọ́ ọkùnrin náà, rólà tí ń tẹ títì ló ń wà, nígbà tí ìpè Ọlọ́run dé sí i ní 1928. Ó fi rólà sílẹ̀. Èmi tí mo ń fi í yangàn, kọ́kọ́rọ́ tí kò gùn tó ìka mi ni mi ò lè fi sílẹ̀.

Ní 1983 ni mo jáde síwájú pẹpẹ, tí mo ní mo fi ayé mi fún Jésù. Òótọ́ ni mo sọ lọ́jọ́ náà. Àmọ́ kò tíì sí kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ mi nígbà yẹn. Ibi tí Jésù ti ní kí ẹni tó bá fẹ́ tẹ̀ lé òun sẹ́ ara rẹ̀, kó gbé àgbélébùú, Mátíù kọ ọ́, Máàkù kọ ọ́, ṣùgbọ́n Lúùkù ló fi "lójoojúmọ́" sí i. Ó pẹ́ kí n tó rí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo yẹn.

Mo kó kọ́kọ́rọ́ fún ọmọ náà lójú gbogbo akọrin, mo sì sọ ibi tó wà lọ́jọ́ Ìkórè. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ojú tì mí ju ti ẹ̀rín náà lọ. Mo rò pé ó ti parí síbẹ̀. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, ọmọ náà ṣi ohùn tẹ̀ láàárín orin ìdúpẹ́, kí n tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀, inú mi ti dùn. Ibẹ̀ ni mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í tọrọ àforíjì, orin ṣì wà lẹ́nu mi.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi orúkọ mi sábẹ́ lẹ́tà yìí. Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ti kọ ọ́ síbẹ̀, tòun ti oyè tí ìjọ fi mí jẹ, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni mo sì ti pa á rẹ́.

Èmi ni tiyín,
Ẹni tó ń jókòó sí bẹ́ńṣì kẹta báyìí,
Ọ̀fà, Ìpínlẹ̀ Kwara.