Sí Àkànní, kí wọ́n tó gbé ọwọ́ lé ọ lórí

Peckham, Lọ́ńdọ̀nù
Oṣù Kẹwàá, 2024

Àkànní, àbúrò mi ọ̀wọ́n,

Ilé ńkọ́? Ṣé Màámi ti ń rí oorun sùn, àbí ẹsẹ̀ yẹn ṣì ń dùn wọ́n lóru? Bá mi kí wọn, kí o sì ka ìwé yìí sí wọn létí, nítorí ọ̀rọ̀ tó kàn wọ́n wà nínú rẹ̀. Ara tèmi le, iṣẹ́ ń lọ, òtútù ti bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé dé.

Bọ̀ọ̀dá pè mí lọ́sẹ̀ tó kọjá, wọ́n ní ìjọ yín ti mú ọjọ́ tí wọ́n máa fi àmì òróró yàn ọ́ ní pásítọ̀ ní Iléṣà. Mo jó nínú kíṣìnnì, mo tún kúnlẹ̀ dúpẹ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n sọ pé ìdílé fẹ́ dáwó jọ ra jíìpù fún ọ, kí pásítọ̀ má baà máa gun ọ̀kadà kiri, pé kí n sọ iye tí màá fi sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n kọ̀wé sí ọ ná. Mi ò ní dá sí owó jíìpù yẹn, mo sì fẹ́ kí o gbọ́ ìdí rẹ̀ lẹ́nu èmi fúnra mi, kí ẹnikẹ́ni má baà túmọ̀ rẹ̀ sí ibòmíràn fún ọ.

O mọ̀ pé sọ́ọ́ṣì pọ̀ ní àdúgbò wa níbí. Ìwádìí kan tí Yunifásítì Roehampton gbé jáde ní 2013 rí sọ́ọ́ṣì àwa aláwọ̀ dúdú tó 240 ní Southwark nìkan, ìjọba ìbílẹ̀ tí Peckham wà lábẹ́ rẹ̀. Lójú ọ̀nà Old Kent Road, òmíràn wà nínú ilé ìkẹ́rùsí, òmíràn wà lókè ibi tí wọ́n ti ń tún mọ́tò ṣe. Ìjọ tí mo kọ́kọ́ ń lọ nígbà tí mo dé ìlú yìí wà lókè ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta iṣu àti ẹja gbígbẹ. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Pásítọ̀ wa ò ju ẹgbẹ́ mi lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ Àìkú, òun fúnra rẹ̀ ló ń to àga, òun ló ń gbálẹ̀. Tí ìsìn bá parí, á fi mọ́tò rẹ̀ tó ti gbó gbé àwọn ìyá àgbà dé ẹnu ọ̀nà wọn. Nígbà tí mo ṣàìsàn, òun àti ìyàwó rẹ̀ gbé ọbẹ̀ wá fún mi, ó sì fọ abọ́ kó tó lọ. Èèyàn gidi ni. Ohun tí mo fẹ́ kó yé ọ ṣáájú ohun gbogbo nìyẹn: ọkùnrin yẹn kò dá ìjọ sílẹ̀ láti jalè.

Ẹnìkan ló kọ́kọ́ sọ pé kò bójú mu kí ìránṣẹ́ Ọlọ́run máa ru àga, ó sì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹlòmíràn gba àpò Bíbélì. Ẹni kẹta ń gbé omi tẹ̀ lé e. Ẹni kẹrin ń fi aṣọ funfun nu maíìkì kó tó fọwọ́ kàn án. Wọ́n ra àga ńlá kan tí wọ́n kùn ní àwọ̀ góòlù, tó ga ju àga gbogbo wa lọ. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ di ètò ìjọ, wọ́n ń pín àpòòwé káàkiri. Nígbà tó yá, ẹni tó bá fẹ́ rí i gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ rí ẹnìkan tó máa bá ẹnìkan sọ̀rọ̀. Àwọn ìyá àgbà tó ń gbé délé tẹ́lẹ̀ wá ń dúró de bọ́ọ̀sì.

Kò sí ẹni tó fi ìkà ṣe ìkankan nínú rẹ̀. Ìfẹ́ ni, ẹ̀kọ́ ilé ni. Ta ni nínú wa tó máa jókòó kó máa wo àgbà tó ń ru ẹrù? Ẹ̀kọ́ ilé yẹn gan-an ló ń bà mí lẹ́rù lórí ọ̀rọ̀ tìrẹ, Àkànní. Ẹni tó kórìíra rẹ ò lè ba iṣẹ́ yìí jẹ́ mọ́ ọ lọ́wọ́ tó ẹni tó fẹ́ràn rẹ.

Bàbá kan wà nínú ìgbìmọ̀ wa, àkáńtáǹtì tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n. Ní ìpàdé kan, wọ́n béèrè bí a ṣe san owó ilé oṣù mẹ́ta tó kọjá, wọ́n ní àwọn ò rí rìsíìtì. Wọn ò pariwo, wọn ò bú ẹnikẹ́ni. Pásítọ̀ kò dáhùn. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ó wàásù láti inú Sáàmù 105: ẹ má ṣe fọwọ́ kan ẹni òróró mi. Bàbá náà jókòó síwájú, gbogbo wa sì mọ ẹni tí ọ̀rọ̀ ń bá wí. Wọ́n gbọ́ ọ dé òpin, wọ́n bá wa kọ orin ìkẹyìn, wọ́n mú kóòtù wọn. A ò rí wọn mọ́. Àna pásítọ̀ ló bọ́ sí ipò wọn nínú ìgbìmọ̀. Láti ìgbà náà kò sẹ́ni tó béèrè ohunkóhun mọ́, títí ọjọ́ tí a dé fún ìsìn tí a bá a pé onílé ti pààrọ̀ àgádágodo. Ìjọ tú ká lórí ìdúró níbẹ̀.

Jọ̀ọ́, lọ ka Sáàmù yẹn láti òkè wá. Ọ̀rọ̀ Ábúráhámù àti àwọn ọmọ rẹ̀ ló ń sọ, nígbà tí wọ́n kéré níye, tí wọ́n jẹ́ àlejò, tí wọ́n ń ti ilẹ̀ kan bọ́ sí òmíràn. Àwọn ọba ni Ọlọ́run ń kìlọ̀ fún níbẹ̀. Kì í ṣe bàbá arúgbó tó béèrè rìsíìtì.

Ìtàn Ussiah nínú Kíróníkà Kejì, orí 26, ni mo máa ń padà sí lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ọmọ ọdún 16 ni nígbà tó jọba, ó sì lo ọdún 52 lórí ìtẹ́. Ó kọ́ ilé ìṣọ́, ó gbẹ́ kànga, ó fẹ́ràn iṣẹ́ oko, Ọlọ́run sì ràn án lọ́wọ́ títí ó fi lágbára. Ìgbà tó lágbára tán ni ọkàn rẹ̀ gbé ga, tó gbé àwo tùràrí wọ inú tẹ́ńpìlì láti ṣe iṣẹ́ tí kì í ṣe tirẹ̀. Asariah àlùfáà wọlé tẹ̀ lé e, pẹ̀lú 80 àlùfáà mìíràn, alágbára ọkùnrin, wọ́n kò ó lójú: jáde. Wo ibi tí ẹ̀tẹ̀ ti yọ. Kì í ṣe nígbà tó wọlé, kì í ṣe nígbà tó gbé àwo náà dání. Ìgbà tó ń bínú sí àwọn àlùfáà ni ẹ̀tẹ̀ yọ níwájú orí rẹ̀. Mo gbà pé àyè ìrònúpìwàdà ṣì wà títí di ìgbà tó bínú sí ẹni tó ń dá a lẹ́kun. Nítorí náà, nígbà tí inú bá bí ọ sí ẹni tó sọ òótọ́ fún ọ, sá àsálà, Àkànní, torí ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Ọba yẹn ṣì rí 80 ènìyàn tó lè sọ fún un pé kó jáde. Ìwọ, mélòó lo ní? Kì í ṣe àwọn tó ń gbàdúrà fún ọ ni mò ń bi ọ́. Àwọn tó lè sọ pé rárá ni.

Ní ti owó, màá sọ ohun tí mò ń ṣe fún ọ, nítorí wọ́n fi mí ṣe akápò ní ìjọ tí mo wà báyìí. Tí ìsìn bá parí, àwa méjì tí kò bá ara wa tan la ń wọ yàrá kékeré tó wà lẹ́yìn àga àwọn akọrin. A ó da ọrẹ sórí tábìlì. Èmi á kà, ẹnì kejì á tún un kà, a ó kọ iye rẹ̀ sínú ìwé, àwa méjèèjì á sì fọwọ́ sí i kí owó tó kúrò níbẹ̀. Pásítọ̀ kì í wọ yàrá náà. Kò ní kọ́kọ́rọ́ rẹ̀, kò sì mọ ẹni tó fi 5 pọ́n-ùn sínú àpòòwé àti ẹni tó fi 500 sí i. Ó ní bí òun bá mọ̀ ọ́n, òun ò ní lè bá àwọn méjèèjì wí bákan náà. Owó oṣù rẹ̀ wà nínú ìwé, ìgbìmọ̀ ló ń dá a, òun a sì jáde síta nígbà tí wọ́n bá ń jíròrò rẹ̀. Ìjọba ìlú yìí ń fi 25 pẹ́ńsì kún pọ́n-ùn kọ̀ọ̀kan tí ẹni tó ń san owó orí bá fi ta ìjọ lọ́rẹ, tí ó bá ti fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù, nítorí náà wọ́n ń fojú tó ìwé wa. Ìṣirò wa máa ń dé ọ̀dọ̀ Charity Commission, àjọ tó ń bójú tó àwọn ẹgbẹ́ aláàánú níbí, lọ́dọọdún, ẹnikẹ́ni sì lè ṣí i lórí íntánẹ́ẹ̀tì kó kà á.

Mo mọ ohun tí àwọn kan máa sọ fún ọ nílé: pé ètò òyìnbó nìyẹn, pé ẹ̀mí la fi ń ṣe tiwa. Sọ fún wọn pé kí wọ́n ka 2 Kọ́ríńtì 8. Pọ́ọ̀lù, Pọ́ọ̀lù fúnra rẹ̀, kò dá gbé owó ìrànlọ́wọ́ lọ sí Jerúsálẹ́mù. Àwọn ìjọ ló yan arákùnrin kan láti bá a rin ìrìn náà, kí ẹnikẹ́ni má baà rí ẹ̀sùn fi kàn wọ́n. Ta ló fún wọn ní ẹ̀mí ju Pọ́ọ̀lù lọ?

Ọ̀rọ̀ obìnrin wá kù. Ẹ̀gbọ́n rẹ obìnrin ni mí, mo lè sọ ọ́ láìbò. Ẹni tó ń wá ọmọ lójú méjèèjì, ẹni tí ọkọ rẹ̀ lé jáde, ọmọ ilé ìwé tó ń wá iṣẹ́, àwọn ló máa wá bá ọ láago mẹ́wàá alẹ́. Ohunkóhun tí o bá ní Ọlọ́run sọ ni wọ́n máa gbà. Nígbà tí nǹkan bá bàjẹ́, wọ́n á ní èṣù ló rán obìnrin náà sí ìránṣẹ́ Ọlọ́run. Má ṣe bá wọn sọ bẹ́ẹ̀ láé. Ẹni tí agbára wà lọ́wọ́ rẹ̀ ni ẹ̀bi wà lọ́rùn rẹ̀. Òfin tí wọ́n ṣe níbí ní 2022 ti ka olórí ẹ̀sìn mọ́ irú ẹni bẹ́ẹ̀: tí ó bá bá ọmọ ọdún 16 tàbí 17 tó ń kọ́ tàbí tó ń bójú tó lábẹ́ ẹ̀sìn lò pọ̀, ọ̀daràn ni, kódà kí ọmọ náà ní òun gbà. Jẹ́ kí ilẹ̀kùn wà ní ṣíṣí. Jẹ́ kí ìyàwó rẹ tàbí ìyá ìjọ wà nítòsí. Má dá ẹnikẹ́ni mú lọ sórí òkè àdúrà. Jẹ́ kí ìyàwó rẹ mọ bí wọ́n ṣe ń ṣí fóònù rẹ, kó sì máa ka WhatsApp rẹ nígbàkúùgbà tó bá wù ú.

Billy Graham ará Amẹ́ríkà àti àwọn tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ jókòó ní 1948 ní ìlú Modesto, wọ́n ro ohun tó ń bi àwọn ajíhìnrere ṣubú, wọ́n sì ṣe ìpinnu lórí rẹ̀: owó, obìnrin, àsọdùn nípa iye èrò tó wá, àti bíbú àwọn ìjọ mìíràn. Ó tó nǹkan bí ọmọ ọgbọ̀n ọdún nígbà náà, òkìkí ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bọ̀ ni. Ohun tó wú mi lórí nìyẹn. Wọ́n ti fi ọgbà yí ara wọn ká kí òkìkí tó dé bá wọn.

Kí ni mò ń wá lọ sí Amẹ́ríkà, nígbà tí o wà ní Iléṣà? Òkè-Ooye kò jìnnà sí ọ. Ayọ̀ Babalọlá, tó ń wa ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń tẹ títì kí ìpè tó dé bá a ní 1928, ni Ọlọ́run lò níbẹ̀ ní 1930 tí gbogbo ilẹ̀ Yorùbá fi ń wọ́ lọ síbẹ̀. Tí ẹnikẹ́ni bá lè ní ìjọ ní tòun nìkan, òun ni. Ṣùgbọ́n nígbà tí ìjọ tó jáde látinú rẹ̀, Christ Apostolic Church (CAC), fìdí múlẹ̀, Isaac Akínyẹlé, tó wá di Olúbàdàn ní 1955, ni Ààrẹ, Odùbánjọ sì ni Alábòójútó Àgbà. Ajíhìnrere ni Babalọlá, ajíhìnrere ló sì jẹ́ títí tó fi sùn ní Ẹdẹ ní oṣù Keje, 1959. Ẹni tí àwọn èrò tìtorí rẹ̀ wá kọ́ ló wà lórí àga Ààrẹ. Ìwọ tí o fẹ́ di pásítọ̀, ronú sí i dáadáa.

Màámi, ọ̀rọ̀ tiyín nìyí. Wọ́n á fẹ́ kí ẹ máa pè é ní Dádì, ẹ̀yin tí ẹ bí i. Ẹ má gbà. Àkànní ni kí ẹ máa pè é, níwájú ẹnikẹ́ni tó bá wà níbẹ̀. Tó bá wá kí yín, ẹ rán an lọ́jà bí ẹ ṣe ń rán an tẹ́lẹ̀. Tí ìyàwó rẹ̀ bá wá fẹjọ́ sùn, ẹ má ṣe sọ fún un pé àdúrà ni kó máa gbà. Ẹ gbọ́ ẹjọ́ náà.

Owó tí ǹ bá fi sí jíìpù, mo ti fi ránṣẹ́ sí Bọ̀ọ̀dá lánàá pé kí wọ́n fi gbé Màámi lọ rí dókítà eegun ní Ifẹ̀. Tí ìjọ bá fẹ́ ra mọ́tò fún ọ lọ́la, kí wọ́n jíròrò rẹ̀ ní ìpàdé tí o kò sí níbẹ̀, kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀, kó sì jẹ́ ti ìjọ.

Ọ̀rẹ́ mi kan ń bọ̀ wálé ní oṣù Kejìlá. Mo fi àpótí irin kan rán an sí ọ, èyí tí wọ́n ń kó owó ọrẹ sí. Àgádágodo méjì ló wà lára rẹ̀, kọ́kọ́rọ́ wọn sì yàtọ̀ síra. Fún akápò ní ọ̀kan, fún àgbà ìjọ tí kò bá akápò tan ní èkejì. Má ṣe mú ìkankan. Kí ọjọ́ ìfàmì-òróró-yàn tó pé, yan àgbà méjì tí wọn kì í bẹ̀rù rẹ, kí o sọ fún wọn níwájú ìyàwó rẹ pé wọ́n láṣẹ láti dá ọ dúró, kí o sì fi nọ́ńbà fóònù wọn ránṣẹ́ sí mi. Màá pè wọ́n.

Kí Ọlọ́run pa ọ́ mọ́ fún wa.

Èmi ni ẹ̀gbọ́n rẹ,
Àbẹ̀kẹ́