Àkànní, èsì ìbéèrè ọmọ rẹ rèé

Àkànní ọ̀rẹ́ mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ìyàwó ńkọ́, àwọn ọmọ ńkọ́? Ara gbogbo wa le níbí, a dúpẹ́. Inú mi dùn gan-an pé Ayọ̀ ti wọ ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù iléèwé wọn ní Houston. Ìbéèrè tó bi ọ́ pé ta ló ń gbá bọ́ọ̀lù ní Nàìjíríà kí Okocha tó dé, jẹ́ kí èmi bá ọ dá a lóhùn.

Sọ fún un pé ní 1949, àwọn agbábọ́ọ̀lù wa wọ ọkọ̀ ojú omi lọ sí Ìlú Ọba. Ẹsẹ̀ lásán ni ọ̀pọ̀ wọn fi gbá a, síbẹ̀ wọ́n na ẹgbẹ́ Marine, nítòsí Liverpool, ní 5-2. Teslim Balogun wà lára wọn, ẹni tí wọ́n ń pè ní Thunder nítorí bí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe le tó. Ó tún padà síbẹ̀ lọ fi bọ́ọ̀lù ṣiṣẹ́ ṣe, ní Peterborough àti Queens Park Rangers. Orúkọ rẹ̀ ló wà lára pápá ìṣeré tó dojú kọ ti ìjọba àpapọ̀ ní Sùúrùlérè.

Tiwa n'Ìbàdàn wá ńkọ́? Ní 1976, IICC Shooting Stars na Tonnerre ti Kamẹrúùnù, wọ́n sì gba ife Áfíríkà fún àwọn ẹgbẹ́ tó gba ife lórílẹ̀-èdè wọn. Kò sí ẹgbẹ́ Nàìjíríà tó gba ife Áfíríkà kankan rí ṣáájú wọn. Inú ẹgbẹ́ yẹn ni Sẹ́gun Ọdẹ́gbàmí àti Muda Lawal ti wá. Nígbà tí a na Àlgéríà ní 3-0 l'Ékòó ní 1980, tí a gba ife Áfíríkà fún ìgbà àkọ́kọ́, Ọdẹ́gbàmí jẹ méjì, Lawal jẹ ẹyọ kan. Ọmọ Shooting Stars ló jẹ góòlù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta! Mi ò lè sọ ọ́ kí orí mi má wú.

Rashidi Yekini náà gbá bọ́ọ̀lù fún Shooting Stars. Bá Ayọ̀ wá fídíò góòlù tó jẹ Bulgaria ní Dallas ní 1994, itòsí yín níbẹ̀ náà ni. Finidi ló ta bọ́ọ̀lù sí i, ó kàn tì í wọlé. Kí ó wo ohun tó ṣe lẹ́yìn náà dáadáa: ó sáré wọnú ilé, ó ki ọwọ́ méjèèjì bọ inú àwọ̀n, ó dì í mú, ó ń ké, ó ń sunkún. Góòlù àkọ́kọ́ tí Nàìjíríà jẹ nínú Ife Àgbáyé nìyẹn. Góòlù 37 ló jẹ fún orílẹ̀-èdè yìí kó tó fẹ̀yìn tì. Ó kú ní 2012, ó sì ń dùn mí títí dòní pé a ò tọ́jú rẹ̀ tó bó ṣe yẹ.

Ohun tó ń ká mi lára ni pé bí Arsenal bá ń gbá bọ́ọ̀lù, àyè ìdúró kì í sí ní ilé ìwòran àdúgbò wa. Àwọn ọmọ tó ń san owó wọlé síbẹ̀ mọ gbogbo ẹni tó jókòó sí bẹ́ǹṣì, wọn ò mọ ẹni tó ń ṣọ́lé fún 3SC, ìyẹn Shooting Stars wa, ní pápá Adámásìngbà. Mi ò ní kí wọ́n má wo ti òyìnbó. Àmọ́ agbábọ́ọ̀lù tí ò rí èrò wò ó, báwo lọkàn rẹ̀ ṣe fẹ́ le?

Má gbàgbé Tọ́lá, ọmọ rẹ obìnrin, o. Lọ́dún 2025, Morocco ti fi góòlù méjì ṣíwájú àwọn Super Falcons wa ní Rabat, níwájú èrò wọn, kí àwọn ọmọbìnrin wa tó yí i padà sí 3-2. Ife Áfíríkà kẹwàá wọn nìyẹn. Àwọn ọmọbìnrin àdúgbò wa náà ti ń bá àwọn ọkùnrin gbá fẹ́lẹ́lẹ́ ní títì báyìí, ẹnikẹ́ni ò sì lé wọn.

Tí ẹ bá ń bọ̀ ní Disẹ́ńbà, tètè jẹ́ kí n mọ ọjọ́, kí n lè wo ìgbà tí 3SC máa gbá bọ́ọ̀lù nílé. Èmi ni màá ra tíkẹ́ẹ̀tì gbogbo yín.

Bá mi kí ìyàwó.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
Àlàmú